Páálí "DNA sí pùrótéènì" tí mo rà fún àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi: ike inú ẹ̀ dáa, ìwé inú ẹ̀ ló ń purọ́

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí fọ́tò yẹn lórí sítátọ́ọ̀sì mi, tẹ́ ẹ wá ń bi mí pé èló ni, ṣé ó dáa, ṣé kẹ́ ẹ ra irú ẹ̀ fún ọmọ yín, èsì yín rèé o. Ẹ jókòó dáadáa torí ó máa gùn díẹ̀. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí: ike tó wà nínú páálí yìí dáa, ó dáa gan-an ni, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kó mọ́ ọn, ẹ yáa yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó tó dọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ti mọ bàọ́lọ́jì tẹ́lẹ̀, kó rà á, kò ní kábàámọ̀. Òbí tó bá fẹ́ gbé e fún ọmọ kó lọ máa dá fi kẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá, kó ṣì rọra ná.

Lẹ́sìnnì lèmi ń ṣe níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, lọ́nà Under G, àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ló pọ̀ jù níbẹ̀, àtàwọn tó ń wá LAUTECH lójú méjèèjì tí JAMB ò tíì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Nínú gbogbo nǹkan tí mò ń kọ́ wọn, kò sí èyí tí wọ́n ń há sórí láìyé wọn tó bí DNA ṣe ń di pùrótéènì. Wọ́n á rò ó fún ẹ wàrà-wàrà, transcription (dída DNA kọ sí RNA), translation (kíka RNA di pùrótéènì), kódọ́ọ̀nù (lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta tí sẹ́ẹ̀lì ń kà pọ̀), gbogbo ẹ̀ á pé, tó o bá wá bi wọ́n pé ẹ̀wà àti ẹyin tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀, kí ló pa á pọ̀ mọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ń kà yìí, wọ́n á dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Bẹ́ẹ̀ kò ju pé inú máa fọ́ pùrótéènì ẹ̀wà yẹn sí wẹ́wẹ́, á di ámínò ásíìdì, sẹ́ẹ̀lì ẹ á wá tún wọn tò bí DNA tìẹ ṣe ní kí wọ́n tò ó, ìyẹn lẹni tó ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́ ò fi ń di ẹ̀wà. Tẹ́lẹ̀, kádíbọ́ọ̀dù ni mo máa ń gé, màá fi máákà kọ A, T, G, C, lẹ́tà mẹ́rin tí DNA ní, sí i lára, atẹ́gùn fáànù kan báyìí, gbogbo jíìnì ti fọ́n ká ilẹ̀. Àwọn kan ní ṣebí fídíò wà. Fídíò wà lóòótọ́, dátà ni, iná ò sì dúró, tọ́mọ bá sì ti wo fídíò tán á ní ó ti yé òun, ó di ìgbà tó bá mú bíírò kó o tó mọ̀ pé kò yé e.

₦42,000 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó wéébíìlì láti Èkó lọ́tọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Tẹ́ ẹ bá ṣí páálí, okùn DNA lẹ máa kọ́kọ́ rí, ike dúdú méjì tó gùn tó sì ṣe é ká, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn lára: A pupa, T àwọ̀ ewé, G yẹ́lò, C búlúù. Okùn RNA, ẹ̀dà tí wọ́n ń dà kọ láti ara DNA, funfun ni, U tó gba ipò T níbẹ̀ jẹ́ pọ́pù. Ìyẹn nìkan ti parí ìjà kan fún mi, torí ó ti sú mi láti máa fi bíírò pupa fagi lé T nínú RNA. Àmọ́ ibi tí orí mi ti wú ni mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ṣe é fi mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké méjì sẹ́nu A àti T, ó fi mẹ́ta sẹ́nu G àti C. Ó mọ nǹkan tó ń ṣe! Bó ṣe rí nínú sẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn, ìdè haidirójìn méjì ló so A mọ́ T, mẹ́ta ló so G mọ́ C. Tọ́mọ bá ní òun fẹ́ fi A mọ́ C, kò ní mú, á já bọ́ sórí tábìlì, èmi ò sì ní lanu sọ̀rọ̀ rárá. Tí wọ́n bá wá ń fa okùn méjèèjì ya, ọwọ́ wọn fúnra ẹ̀ ló ń sọ fún wọn pé ibi tí G àti C pọ̀ sí le ju ibi tó jẹ́ A àti T lọ. Ọmọ kan tí kì í dáhùn ìbéèrè rí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, "Àǹtí, ibí yìí ò fẹ́ ya o."

Ike ńlá kan tí wọ́n lu ihò sí nínú ló dúró fún RNA polymerase, pùrótéènì tó ń da DNA kọ sí RNA. DNA á gba inú ẹ̀ kọjá, á là sí méjì níbẹ̀, ọmọ á máa to lẹ́tà RNA kọjú sí okùn kan ṣoṣo nínú méjèèjì, RNA á máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde, okùn DNA á sì tún pàdé padà lẹ́yìn ike yẹn. Ó dùn ún wò. Ní ti ìdí tí DNA fúnra ẹ̀ ò fi jáde nínú núkílíọ́ọ̀sì, mo máa ń sọ fún wọn pé ìwé ilẹ̀ bàbá yín, tí lọ́yà bá ní òun fẹ́ rí i, ta ló máa gbé ojúlówó lọ? Fótókọ́pì lẹ máa ṣe. Fótókọ́pì yẹn ni mRNA, ẹ lè ṣe é bó bá ṣe wù yín kó pọ̀ tó, tí iṣẹ́ ẹ̀ bá tán wọ́n á ya á dànù, ojúlówó ṣì wà nílé.

Ibi tí páálí yìí ti rẹ́ mi jẹ níbẹ̀ ni pé bí RNA bá ṣe jáde báyìí, tààrà ló ń lọ bá ráíbósóòmù, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń to ámínò ásíìdì di pùrótéènì. Nínú bakitéríà, ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa, rárá o. Ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde ò tíì ṣe é lò, wọ́n á dé e ní fìlà níwájú, wọ́n á so ìrù A gígùn mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á gé àwọn apá kan tó wà láàárín jù nù, wọ́n á wá so èyí tó kù pọ̀ kó tó di pé ó gba ojú núkílíọ́ọ̀sì jáde. Ọdún 1977 ni wọ́n rí i pé gígé yẹn ń ṣẹlẹ̀, Richard Roberts àti Phillip Sharp gba Nobel lórí ẹ̀ ní 1993. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé jíìnì bẹ́tà glóbíìnì (ẹ̀wọ̀n kan nínú hẹmoglóbíìnì ẹ̀jẹ̀) tí páálí yìí fi ṣe àpẹẹrẹ gan-an ní irú apá tí wọ́n ń gé sọnù bẹ́ẹ̀, méjì, ìwé inú ẹ̀ ò sì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀. Fún ọmọ SS2 mi ò ní bá wọn jà jù, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé "títí dé yunifásítì". Yunifásítì wo?

Ráíbósóòmù ni mo ti wá rí iye owó mi. Apá méjì ló ní, kékeré nísàlẹ̀, ńlá lókè, mRNA á gba àárín wọn. Lára apá ńlá yẹn ni wọ́n kọ E, P, A sí, ìjókòó mẹ́ta tí tRNA, RNA tó ń gbé ámínò ásíìdì wá, ń gbà kọjá: ó ń wọlé láti A, á sún sí P, á gba E jáde. tRNA fúnra ẹ̀ jẹ́ ike tó ní lẹ́tà mẹ́ta nísàlẹ̀ àti ìkọ́ lókè, ìkọ́ yẹn lẹ máa fi ìlẹ̀kẹ̀ ámínò ásíìdì kọ́, ogún àwọ̀ fún ogún ámínò ásíìdì, àwọn kan nínú wọn jẹ́ méjì-méjì. Tí kódọ́ọ̀nù orí mRNA bá jẹ́ GAG, tRNA tó máa bá a mu ni CUC, glutamic acid ló sì máa gbé wá.

AUG ló ń bẹ̀rẹ̀, methionine á jókòó sí P tààrà. Èkejì á wọ A. Wọ́n á wá yọ ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí P, wọ́n á so ó mọ́ èyí tó wà lórí A, kì í ṣe òdìkejì ẹ̀ o. Ibí yìí gan-an làwọn ọmọ ti máa ń ṣì í tó bá jẹ́ inú ìwé ni wọ́n ti ń wò ó, wọ́n rò pé ẹni tuntun ló ń lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ti wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti wà nílẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn máa ń kó ẹrù wọn lọ sórí ẹni tuntun, gbogbo ẹ̀wọ̀n yẹn pátá, ní gbogbo ìgbà. Pẹ̀lú ike yìí kò sí bó o ṣe lè ṣe é lódì, torí tRNA tó wà ní P ò lè gba ìlẹ̀kẹ̀ tuntun kankan lórí ìkọ́ ẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n tò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àkókò lẹ́sìnnì. Mo wá sọ fún wọn pé ráíbósóòmù bakitéríà lè to bíi 15 sí 20 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, àti pé titin, pùrótéènì kan tó wà nínú iṣan wa, ní ámínò ásíìdì tó tó bíi 34,000. Ariwo tí wọ́n pa, ẹni tó ń kọjá lóde yọjú wò wá.

Kí n sọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn páálí yìí jù. Ọmọ kan wà láàárín wọn, alápárá ni, ó lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ glycine kọ́ orí tRNA tó yẹ kó gbé valine, ó wá dákẹ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí bóyá màá rí i. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. tRNA yẹn wọ A, lẹ́tà mẹ́ta ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá kódọ́ọ̀nù mu, mágínẹ́ẹ̀tì dì í pọ̀, wọ́n so glycine mọ́ ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ ń lọ. Ìgbà tí àṣírí tú làwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé páálí yìí ò dáa, kí ló dé tí kò fi kọ̀ ọ́? Mo ní ó tì o, òótọ́ ló sọ yẹn! Ráíbósóòmù ò mọ ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lókè, lẹ́tà ìsàlẹ̀ ló ń yẹ̀ wò. Ní 1962 àwọn onímọ̀ kan dán an wò, wọ́n mú tRNA tó ti gbé cysteine tiẹ̀, wọ́n wá fi kẹ́míkà sọ cysteine yẹn di alanine níbi tó ti wà lórí tRNA gan-an. Ráíbósóòmù gbà á wọlé láìjanpata, ó fi alanine síbi tó yẹ kí cysteine wà.

Ta ló wá ń rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ tó tọ́ ló wà lórí tRNA tó tọ́? Àwọn ẹ́ńsáìmù kan ni, aminoacyl-tRNA synthetase lorúkọ gbọọrọ wọn, oníkálukú wọn ló ní ámínò ásíìdì tó mọ̀, tó sì mọ tRNA tó yẹ kó gbé e, ATP, owó agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n sì ń ná kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíì, ó parí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó tún máa yẹ̀ ẹ́ wò níwájú. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, páálí yìí ò sì kó wọn sínú rárá, ọwọ́ ọmọ ló ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ìwé ò dárúkọ wọn. Ike kan ṣoṣo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, ẹ bá wa fi ike kan ṣoṣo kún un.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tí ò bójú mu níbi ìparí. Wọ́n ṣe tRNA kan tí wọ́n kọ STOP sí lára, pé òun ló ń wá jókòó nígbà tí kódọ́ọ̀nù ìdádúró bá dé. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. tRNA kankan kì í dá kódọ́ọ̀nù yẹn lóhùn, pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní release factor ló ń wọ ibẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n já ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Mo ti fi máákà pa STOP tèmi rẹ́, mo kọ RF sí i.

Mo tún fi ráíbósóòmù yẹn ṣàlàyé tẹtrasaikilíìnì fún wọn, kápúsù aláwọ̀ méjì táwọn ará ilé máa ń wá kiri tí inú bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ká bébà lé ojú A, tRNA ò rí ibi wọ̀, iṣẹ́ dúró. Ohun tó ń ṣe fún bakitéríà nìyẹn, ráíbósóòmù tiwọn jẹ́ 70S, tiwa tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ 80S (nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí bí wọ́n ṣe tóbi tó), ìyàtọ̀ yẹn ni oògùn ń lò. Kẹ́nikẹ́ni má torí ẹ̀ lọ máa gbé e mì láìrí dókítà o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìwé. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣáàtì róbótó tí wọ́n fi ń wo kódọ́ọ̀nù. Àpẹẹrẹ tí ìwé ní kẹ́ ẹ tò ni ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́tà glóbíìnì, ọ̀kan nínú ẹ̀wọ̀n tó para pọ̀ di hẹmoglóbíìnì inú ẹ̀jẹ̀: AUG GUG CAU CUG ACU CCU GAG GAG AAG. Wọ́n mú nǹkan tó dáa níbẹ̀, torí ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù lọ́dọ̀ wa, ẹ lọ bá pásítọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó láìmú èsì ẹ̀ dání kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa wò yín. Ìwé wá ní àyípadà tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde wà ní ipò kẹfà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti AUG, wọ́n dé ipò kẹfà, wọ́n bá proline níbẹ̀. Wọ́n tún un kà. Proline. Níbí yìí ìwé ò parọ́, ó kàn fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n ni: methionine tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n yẹn, sẹ́ẹ̀lì máa ń gé e kúrò, valine ló ń wá di àkọ́kọ́, tó o bá kà á látorí valine, glutamic acid lo máa bá ní ipò kẹfà. Tó bá jẹ́ ọmọ tó dá wà nínú yàrá ńkọ́? Á ní DNA ò yé òun, á pa á tì.

Nígbà tá a yanjú ìyẹn, eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ A tó wà láàárín GAG lórí DNA, wọ́n fi T síbẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kọ̀ títí wọ́n fi yí ìkejì ẹ̀ náà padà lórí okùn tó kọjú sí i, GUG jáde lórí mRNA, valine gba ìjókòó glutamic acid. Ẹyọ kan, nínú ẹ̀wọ̀n tó ní ámínò ásíìdì 146. Glutamic acid fẹ́ràn omi, valine ń sá fún un, ìyẹn ló ń jẹ́ kí hẹmoglóbíìnì máa lẹ̀ mọ́ra wọn tí ọ́síjìn bá ti bọ́ lára wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀, á le gbagidi, á lọ máa dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Vernon Ingram ló rí i ní 1956 pé gbogbo ìyàtọ̀ náà ò ju ibì kan yẹn lọ. Ọmọbìnrin kan di ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó ní, "Àǹtí, ṣé lẹ́tà ẹyọ kan ló ń kó gbogbo wàhálà yẹn bá èèyàn?" Mo ní ẹyọ kan ni, àmọ́ látọ̀dọ̀ ìyá àti látọ̀dọ̀ bàbá. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló fi fún ẹ, AS ni ẹ́, jíìnì kejì ṣì ń ṣe èyí tó dáa lọ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n dá T yẹn padà sí A, kí wọ́n wá fi A sípò G àkọ́kọ́. AAG, lysine. C yẹn nìyẹn o, C inú AC àti SC táwọn èèyàn wa ń gbé kiri, ibì kan náà, ipò kẹfà kan náà, ìwé ò dárúkọ ẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ sí jù. Mo tún ní kí wọ́n ṣe GAA. Wọ́n ń retí ìyọnu míì, glutamic acid tún ni. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ wọn, wọ́n ti fẹ́ kí nǹkan bà jẹ́! Àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé kódọ́ọ̀nù jẹ́ 64, ámínò ásíìdì jẹ́ 20, leucine fúnra ẹ̀ ní kódọ́ọ̀nù mẹ́fà, methionine àti tryptophan ló ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Tryptophan yìí ló sì tú àṣírí ṣáàtì. Kódọ́ọ̀nù tó ń dá iṣẹ́ dúró, mẹ́ta ni: UAA, UAG, UGA. Ṣáàtì tèmi kọ UAA, ó kọ UAG, ó wá kọ UGG. Ó gbé tryptophan lọ sórí UGA. Wọ́n pààrọ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ kó má baà gbó! Kí ẹnì kan má wá gbèjà wọn pé nínú mitochondria wa (apá sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára, tó ní DNA tiẹ̀), UGA tryptophan ni. Mo mọ̀. Nínú mitochondria yẹn náà, UGG ṣì jẹ́ tryptophan, kò dá iṣẹ́ kankan dúró, nítorí náà ṣáàtì yìí ò bá sẹ́ẹ̀lì mu, kò bá mitochondria mu, ìlú tí wọ́n ti ń lò ó ni mi ò mọ̀. Ọmọ tó bá há eléyìí sórí lọ sínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ̀yin lẹ fowó yín ra òdo fún un. Bíírò pupa ni mo fi tún tèmi ṣe, mo lẹ téèpù lé e.

Ojú ìwé tí wọ́n fi sọ ìtàn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Watson àti Crick, àwọn tó sọ bí DNA ṣe rí, 1953, ó tán. Kò sí Rosalind Franklin níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láìsí àwòrán X-ray tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ jáde ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọn ì bá ti rí ẹ̀rí. Kò sí Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei tí wọ́n ka kódọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní 1961. Ohun táwọn yẹn ṣe ló sì rọrùn jù fún ọmọ láti fi páálí yìí ṣe: wọ́n mú RNA tó jẹ́ kìkì U, wọ́n dà á sínú oje sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀wọ̀n tó jẹ́ kìkì phenylalanine ló jáde, bí wọ́n ṣe mọ̀ pé UUU ni tiẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é, U inú páálí jẹ́ méjìlá péré, ìlẹ̀kẹ̀ phenylalanine jẹ́ ẹyọ kan. Ṣé ẹyọ kan ni wọ́n ń pè ní ẹ̀wọ̀n?

Ohun kan wà tí kò sí ike tó lè ṣe é, mi ò sì ní fi ìyẹn gba máàkì lọ́wọ́ wọn. Ìyá ọmọ kan tó ń tajà ní Sábó wá mú ọmọ ẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó bá wa lórí tábìlì, ó jókòó, ó ń wò. Ó ní, "Àǹtí tíṣà, ẹ ní DNA kan náà ló wà ní gbogbo ara?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ ò fi ríran?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, èmi ò rín, torí ìbéèrè yẹn jinlẹ̀ ju gbogbo èyí tí wọ́n ti bi mí lọ. Jíìnì tó ń ṣe pùrótéènì nínú wa tó bíi 20,000, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ò ṣí gbogbo ẹ̀ kà. Sẹ́ẹ̀lì inú ojú ń ṣe pùrótéènì tó ń gba ìmọ́lẹ̀, èyí tó wà nínú pancreas ń ṣe insulin, ti ẹsẹ̀ ní ìwé méjèèjì lọ́wọ́ ṣùgbọ́n ó pa wọ́n dé. Àwọn pùrótéènì míì tó ń lẹ̀ mọ́ DNA ló ń sọ ibi tí wọ́n á ṣí àti ibi tí wọ́n á pa dé. Páálí yìí bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ṣí i tán. Màmá yẹn ní ó yé òun, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ òun ṣe rí, ìwé ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣí i. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ti bó ṣe lágbára tó: okùn dúdú yẹn ò tíì kán níbì kankan, àwọn ọmọ sì ń fà á bí wọ́n ṣe ń fa nǹkan. Mágínẹ́ẹ̀tì díẹ̀ ti yọ lára G, súpà gúlù dá a padà. Ìkọ́ orí tRNA ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi ipá tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ leucine àti isoleucine sún mọ́ra jù, lálẹ́ tó bá jẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ń lò, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀, mo fi bíírò sàmì sí tèmi.

Ẹni tó tà á wá ńkọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ histidine ò sí nínú páálí mi. Histidine, tó wà nínú ẹ̀wọ̀n tí ìwé wọn fúnra ẹ̀ ní ká tò! Mo tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní "ẹ má bínú mà, a máa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Mo ya fọ́tò ṣáàtì náà fún wọn, mo yí bírò yípo UGA, wọ́n fi àtàǹpàkò òkè dá mi lóhùn, wọ́n tún fi ọwọ́ tó ń dúpẹ́ kún un. Mi ò tíì rí ìlẹ̀kẹ̀, mi ò rí ṣáàtì. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe histidine fún wa báyìí, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, "Àǹtí, ó kan bọ́tìnnì."

Tí mo bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, ike gba mẹ́rin nínú márùn-ún, ìwé àti ṣáàtì gba ẹyọ kan, torí pé bébà ẹ̀ nípọn. Tíṣà tó ní ọmọ bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá lórí tábìlì kan, ó máa gbádùn ẹ̀. Kíláàsì ọgọ́ta ọmọ, ẹ má dán an wò, àwọn tó wà lẹ́yìn á kàn máa na ọrùn ni, ìlẹ̀kẹ̀ á sì bá àpò lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ṣáàtì róbótó yẹn ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù yín, kẹ́ ẹ wo ibi UGA. Tí wọ́n bá kọ Trp (tryptophan nìyẹn) síbẹ̀, irú tèmi náà ni, ẹ na owó ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì ka ìlẹ̀kẹ̀ níwájú ẹni tó bá gbé e wá.